Ààyè tó Ṣófo Nínú Àpótí Mẹ́dà Mi

Ẹ rọra, ẹ má fi ọwọ́ epo kàn án. Ẹ jókòó sórí ẹní, kí ẹni tó ń jẹ gúgúrú gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, torí iyọ̀ ò bá idẹ rẹ́. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yí àpótí yìí po bí ẹni pé ẹran díndín ni mo kó pamọ́ sínú rẹ̀. Ó dáa, mo ti ṣí i. Mẹ́dà ni gbogbo wọn, kò sí ẹran níbẹ̀. Aṣọ àrán ni mo tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ṣe ààyè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn lára.

Àǹkẹ́, mo gbọ́ ohun tí o sọ. O ní ààyè kan ṣófo láàárín, o sì fẹ́ fi mẹ́dà tí o gbà níbi eré sísá ilé ìwé yín síbẹ̀. Inú mi dùn sí mẹ́dà rẹ, o káre, àmọ́ a ó wá ibòmíràn fún un. Nǹkan kan ò sọnù láàárín yẹn. Ẹni tó ni ohun tó wà níbẹ̀ ló gbà á. Ìtàn rẹ̀ ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi ń dárúkọ àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí láràárọ̀, tí mo bá ti ṣàdúrà fún yín tán. Ìyá yín àgbà máa ń sọ pé mo ń gbàdúrà fún àjèjì ju ọmọ inú ilé lọ. Wọn kì í ṣe àjèjì. Àwọn tó ràn mí lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, mi ò tíì fẹ́ ìyá yín àgbà. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń já fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakòdó, ní Ìkòròdú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó lónìí, tí ẹ ń fi nǹkan dí etí, tí ẹ ò mọ orúkọ ẹni tó fi èjìká ti èjìká yín títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Omi ni títì wa nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó ti máa gbọ́ ìró àjẹ̀ nínú omi, àti adìẹ tó ń ké nínú agbọ̀n, àti àwọn obìnrin tó ń kí ara wọn láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì. Tí ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ bá fun fèrè, ìró yẹn á wọ ikùn yín. Gbogbo èèyàn á sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, wọ́n á dé inú ọkọ̀ tán, wọ́n á wá jókòó dè é títí oorun á fi máa kùn wọ́n. Òórùn ẹja yíyan, gààrí, epo pupa, igi ìdáná tó rẹ sínú omi, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Mi ò tíì gbóòórùn tó jọ ọ́ mọ́ láti ìgbà yẹn, ó sì máa ń wù mí.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ìrìn Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe kékeré. Kí o tó débẹ̀, o ti mọ iye ọmọ ẹni tó jókòó tì ọ́, o ti mọ èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú wọn, o sì ti jẹ nínú ẹ̀kọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́dà mi ṣe tàn kálẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n dé ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ládé, wọ́n pín mẹ́dà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn òbí kan fi okùn sí i, wọ́n gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn. Àwọn mìíràn gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó bá wọn fi ṣe yẹtí. Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ ní Ìpakòdó, mo ṣà á, mo kígbe rẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò wá gbà á. Mo wá ń yọ ọ́ wò nígbàkígbà tí ọkọ̀ ò bá sí. Bí wọ́n ṣe fi ojú èèyàn sára irin tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tí imú yọ, tí irun sì hàn, ó yà mí lẹ́nu.

Tíṣà Adéṣọpẹ́ ló ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán nílé ìwé kan ní Ìkòròdú, ó sì máa ń wọ ọkọ̀ wa lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni, ṣọ́ọ̀kì kì í tán létí àpò rẹ̀.

Ó ní, "Kí lò ń wò tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

Ojú tì mí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò tirẹ̀ náà, ó yọ idẹ dúdú kan jáde, ẹyẹ méjì ló wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ọba. Ẹni tó ṣe é kàn fẹ́ kí èèyàn mú un lọ́wọ́, kó wò ó, kí inú rẹ̀ dùn ni. Di ojú rẹ, kí o fi àtàǹpàkò wò ó."

Mo dijú. Mo fi àtàǹpàkò wá ẹyẹ yẹn kiri títí mo fi kan ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbìyànjú rẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ tán. Láti ọjọ́ yẹn ni mẹ́dà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Tíṣà yá mi ní awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Onímẹ́dà. Ẹni tó bá ti rí ohun tó rí roboto tó sì ń dán, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e bọ̀. Wọ́n gbé bọ́tìnnì ṣọ́jà wá. Wọ́n gbé ìdérí ìgò wá. Obìnrin kan gbé irin tí ọkọ rẹ̀ fi ń wọn nǹkan lórí òṣùwọ̀n wá, ó sì bínú sí mi nígbà tí mo ní kì í ṣe mẹ́dà. Ìyá mi ní kí n kúkú jáwọ́ nínú tíkẹ́ẹ̀tì, kí n máa ra páànù àlòkù kiri. Àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, títí kan oní-ìdérí ìgò. Wọ́n rántí mi níbi tí mi ò sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ nítorí mi.

Bàbá Ikúmápàyí wà nínú wọn. Apẹja ni, ará Ìlàjẹ, ó ń gbé abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí òpó létí ọ̀sà. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, orin ìjọ ló máa ń kọ lábẹ́ imú tó bá ń tún àwọ̀n ṣe. Lọ́jọ́ kan ó da àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó ń yẹ òjé etí rẹ̀ wò, àwọn òjé tó ń jẹ́ kí àwọ̀n wọ omi. Ó tú ọ̀kan kúrò, ó jù ú sórí tábìlì mi.

"Onímẹ́dà, wo ìyẹn. Ó ti pẹ́ tí àwọ̀n mi gbé e láti ìsàlẹ̀ omi. Mo sọ ọ́ di òjé. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé obìnrin kan wà lójú ẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, àwọ̀n yín ńkọ́? Ṣé kò ní fúyẹ́ lápá kan?"

"Òjé pọ̀. Mú un. Láti ìgbà tí mo ti rí i pé obìnrin ni, ara mi ò gbà á mọ́ kí n máa jù ú sómi."

Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Idẹ ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ obìnrin. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà lójú rẹ̀, ó ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé ìkòkò omi sílẹ̀ nídìí igi. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ ó mọ̀ pé omi kún inú ìkòkò náà, ẹ ó sì mọ̀ pé kò fẹ́ kó dà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn àmì kan wà tó rí bí ipa ekòló lórí ẹrẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà rí i, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò wò ó yí ká. Ó ní, "Ọmọ ilẹ̀ wa ló ṣe èyí. A gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣe é, ká sì mọ obìnrin yìí." Ohun kan ṣoṣo ló dùn ún, pé ẹnu ìkòkò náà ti sán lápá kan. Ó ní òkúta ìsàlẹ̀ omi ló ṣẹ́ ẹ, ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ wo nǹkan tó dára tó báyìí. Ó wá kọ́ mi bí mo ṣe máa fi bébà fẹ́lẹ́ bo ẹ̀yìn mẹ́dà, kí n fi pẹ́ńsù ra á kí àmì náà lè jáde, kí n máa mú bébà yẹn kiri dípò mẹ́dà fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwé mìíràn lápá òkè. Ọjọ́ tó ń lọ, mo já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tí ń sunkún. Nígbà tí ọkọ̀ ti ń kúrò, ó yọrí jáde, ó ní, "Tí o bá mọ obìnrin yẹn, jẹ́ kí n gbọ́ o." Mo ní, "Màá jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Mo ń mú bébà yẹn kiri. Bàbá kan tó ń wọ ọkọ̀ wò ó, ó ní lẹ́tà kéwú ni, kí n lọ bá Alfa Súnmọ́nù ní Ẹ̀pẹ́. Ìdílé Alfa wà lára àwọn tó kó wá láti Èkó nígbà ogun àtijọ́, ilé wọn ò sì jìnnà sí etí omi. Ó gbà mí dáadáa. Ó ní, "Ìwọ onígbàgbọ́ yìí, kéwú ti wá wù ọ́ báyìí?" Ó so okùn awò ojú rẹ̀ mọ́ etí, ó gbé bébà náà síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ní àwọn àmì kéékèèké tó máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ti jẹ dànù nínú omi, egungun ọ̀rọ̀ ló kù.

"Álífù, báà, káàfù. Abúbákà nìyẹn, ẹni tó kọ ọ́ ló gé e kúrú. Ìkejì, mímù àti táà. Máàtà. Ó kú ni Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ò yé mi." Ó bọ́ awò kúrò. "Abúbákà kan ló kú. Ọlọ́run forí jì í."

Ó ṣàdúrà fún Abúbákà níbẹ̀, mo sì ṣe àmín. Ó fún mi lóúnjẹ, kò gbà kí n fún òun ní ohunkóhun. Nígbà tí mo ń padà nínú ọkọ̀, mo ti gbà pé opó Abúbákà ni obìnrin inú mẹ́dà.

Ẹ bá mi wo iye Abúbákà tó wà láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi ń wá èyí tó kú. Ní ilé kan, wọ́n rò pé mo wá pín nínú ogún ni, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ ìyá tó bí mi. Ní ilé mìíràn, mo ti ń kí wọn kú ìrọ́jú nígbà tí Abúbákà fúnra rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ara rẹ̀ le koko, orógùn ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo kú?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́dà, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ agbádá, ó sì bá mi kiri gbogbo ilé Abúbákà tó mọ̀ ládùúgbò yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ìkéde ikú ara rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo máa ń rántí òun náà láràárọ̀, Abúbákà tí kò kú.

Lónìí, ẹ ó tẹ fóònù, ẹ ó sì rí ohun tí ẹ ń wá kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu yín. Mi ò bá fóònù jà. Àmọ́ mo wọ ilé tó pọ̀ nígbà yẹn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lé mi jáde láìfún mi lómi.

Nígbà tó sú mi, mo mú mẹ́dà náà fúnra rẹ̀, mo padà lọ sí ọ̀dọ̀ Alfa. Mi ò mọ̀ pé ọdún Káyókáyọ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ ò mọ Káyókáyọ̀ ìgbà yẹn. Ilé tí o bá yà ni wọ́n ti ń gbé àwo síwájú rẹ, tí o bá ní o ti yó, wọ́n á bi ọ́ pé kí ni àwọn fi ṣẹ̀ ọ́. Kí n tó dé ilé Alfa, bẹ́líìtì mi ti wà nínú àpò. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ kí àgbàlagbà dáadáa mọ́, mo kàn ń mi orí bí alángbá ni.

Ẹ̀gbọ́n Alfa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Sàídátù, oníṣòwò aṣọ ńlá, obìnrin tí gbogbo ilé yẹn ń bẹ̀rù. Alfa gba mẹ́dà náà, ó fi àtàǹpàkò bo ojú obìnrin tó wà lára rẹ̀, torí kò fẹ́ràn àwòrán èèyàn.

Ìyá Sàídátù ní, "Mú ìka kúrò, Súnmọ́nù, jẹ́ kí n rí ọmọ náà."

Alfa mú ìka kúrò. Mo rí i tí màmá yẹn gbé ẹran ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo igi, wọ́n ní, "Ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi." Alfa bẹ̀rẹ̀, "Abúbákà, máàtà..."

"Má pè é bíi kéwú. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Lámídì lèyí. Ṣé o ti gbàgbé pé Yorùbá ni bàbá yẹn ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ? Kéwú ló mọ̀, kò mọ ìwé òyìnbó."

Alfa tún gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ń pè é lábẹ́ ẹnu, "A, bẹ, kẹ." Ó dúró. "Àbẹ̀kẹ́. Mọ, ta. Ìmọ́tà." Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìkẹta yìí, báà ni mo rí níbẹ̀. Lárúbáwá ò ní lẹ́tà tiwa tí a fi ń pe 'pẹ́', báà ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀. A dúpẹ́. Àbẹ̀kẹ́ Ìmọ́tà, a dúpẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń bá yín tọrọ àforíjì fún òkú tí kò sí níbì kankan." Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká jókòó, wọ́n sì sọ ìtàn náà fún wa.

Wọ́n ní Bàbá Lámídì ni àbúrò bàbá àwọn, alágbẹ̀dẹ idẹ ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń kiri iṣẹ́ lọ lápá Ìmọ́tà, ni ilẹ̀gbóná bá mú un lójú ọ̀nà oko. Gbogbo ẹni tó rí i sá. Nígbà yẹn, tí àìsàn yẹn bá mú ọ, tìrẹ ti bá ọ, èèyàn rẹ pàápàá ò ní súnmọ́ ọ. Ó wọ́ lọ sídìí igi kan, ó ń retí ikú. Ọmọbìnrin kan tó ń lọ pọn omi rí i. Kò sá. Ó ń gbé omi tútù sílẹ̀ fún un nídìí igi lójoojúmọ́, á gbé e sílẹ̀, á rọra padà sẹ́yìn, á sì kí i láti ọ̀ọ́kán. Bàbá Lámídì yè é. Ilẹ̀gbóná gba ojú rẹ̀ kan, ó sì fi èkejì sílẹ̀ fún un ní bàìbàì.

"Nígbà tó padà dé Ẹ̀pẹ́ ló gbọ́ pé wọ́n ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìmọ́tà," Ìyá Sàídátù ní. "Wọ́n ní kò sí ọkùnrin kankan nídìí igi yẹn. Wọ́n ní iwin ló ń pọn omi fún. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. A rán èèyàn lọ sọ fún wọn, wọ́n ní ẹnu lásán ni. Bàbá wá ní òun á fi idẹ sọ ọ́, òun á ya ọmọ náà àti igi àti ìkòkò, òun á kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n rí i pé ọmọ èèyàn ló ń dúpẹ́. Ojú rẹ̀ yòókù ló fi ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ríran mọ́. Ó fi rán àwọn ọlọ́jà nínú ọkọ̀, ìjì sì dojú ọkọ̀ yẹn dé. Èèyàn ò kú, àmọ́ gbogbo ẹrù rì. Títí tó fi kú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, pé Àbẹ̀kẹ́ á rò pé òun ò moore."

Mo bi wọ́n bóyá Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà láyé. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Wọ́n ní tó bá wà, ó ti darúgbó gan-an, wọ́n á sì ṣì máa fi iwin bú u.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí. Nínú gbogbo mẹ́dà tí mo ní, òun ló dára jù, kò sì sí èyí tó dára tó o títí di òní. Mo sùn tì í, mo jí tì í. Àmọ́ mo ti mọ ẹni tó ni ín, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo bẹ ọ̀gá mi kó fún mi láyè, mo wọ lọ́rì kan ní Ìkòròdú tó ń lọ sí Ìmọ́tà, èmi àti àwọn àgbẹ̀ àti ẹrù wọn. Ọ̀nà burúkú, eruku bò wá mọ́lẹ̀. Mo fi mẹ́dà náà sínú ẹ̀wù, mo sì ń fọwọ́ kàn án lọ́nà.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi ọkùnrin kan tó ń họ ẹ̀gẹ́ pé níbo ni ilé Ìyá Àbẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ wo? Àbẹ̀kẹ́ oníwin?"

Ẹ̀rù tó wà lára mi fò lọ. Ó ṣì wà láyé.

Ìyá arúgbó kékeré kan ni wọ́n mú mi lọ bá, ó jókòó sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo kàn sọ pé wọ́n rán mi sí wọn láti Ẹ̀pẹ́, mo sì fi mẹ́dà náà lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Tíṣà ni mo rántí, pé wọ́n ń ṣe é kí èèyàn lè mú un lọ́wọ́.

Wọ́n yí i po. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀ kiri. Wọ́n kan igi náà, wọ́n sún ọwọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n kan orí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n sì ń bá apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ìkòkò. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ìkòkò, níbi tó ti sán, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n tún padà síbẹ̀. Wọ́n tún padà síbẹ̀.

"Ìkòkò mi ni," wọ́n ní. "Mo fi gbá òkúta létí odò, ó sán. Ibi tó sán yẹn ni mo máa ń yí sí ọ̀dọ̀ mi, kó má baà gé e lẹ́nu tó bá fẹ́ mu. Ìdí igi yẹn ni ìkòkò náà ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń mú un lọ pọn omi, mi ò mú un wálé mọ́. Èmi àti òun nìkan la mọ̀ ọ́n."

Tíṣà rò pé òkúta ìsàlẹ̀ omi ló ṣẹ́ ẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Bàbá Lámídì ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ti ń fọ́jú lọ, ó rántí ibi tí ìkòkò ti sán.

Mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún wọn. Àbẹ̀kẹ́ Ìmọ́tà, a dúpẹ́. Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí èmi fúnra mi ti ń rò ó pé bóyá iwin ni lóòótọ́. Tí gbogbo ayé bá ń sọ nǹkan kan fún ọ láti kékeré, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á." Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n pe ìyàwó ilé. "Lọ pè wọ́n wá. Lọ pe gbogbo wọn. Kí wọ́n wá wo iwin mi."

Wọ́n wá. Àgbà wá, ọmọdé wá, ọkùnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà wá. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn ń yí ojú rẹ̀ sí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọkùnrin àgbà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí, kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Ta ló bá mi gbé e dé ibí?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan kọ́. Dárúkọ wọn fún mi." Mo ń dárúkọ wọn, wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í jẹ́ kí n bọ́ sí orúkọ kejì títí wọn á fi parí ti àkọ́kọ́. Bàbá Ikúmápàyí. Alfa Súnmọ́nù. Ìyá Sàídátù. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Abúbákà, wọ́n sì ṣe àdúrà ẹ̀mí gígùn fún un. Tíṣà Adéṣọpẹ́ ló gbẹ̀yìn.

Wọ́n ní, "Lọ sọ fún wọn pé Àbẹ̀kẹ́ ń kí wọn. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, má fi rán ọkọ̀. Ti bàbá yẹn rì sómi. Tèmi ò ní rì."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Bàbá Ikúmápàyí dáwọ́ orin dúró, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ní inú àwọn dùn pé àwọn tú u kúrò lára àwọ̀n. Alfa sọ pé òun á máa ṣàdúrà fún Àbẹ̀kẹ́ báyìí dípò Abúbákà. Ìyá Sàídátù bọ́ sínú yàrá, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Abúbákà tí kò kú náà gbọ́ tirẹ̀, ó sì tún fún mi lóúnjẹ.

Tíṣà nìkan ló kù. Nígbà tí mo dé ilé ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, màmá ti kú, àwọn mìíràn ló ń gbé ibẹ̀, wọn ò mọ ibi tí ọmọ wà. Mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èrò ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ ojú omi wá dínkù, títì gba gbogbo èrò, mo kúrò ní Ìpakòdó, mo di ẹni tí ẹ ń wò yìí. Mo ṣì ń ru iṣẹ́ tí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ rán mi, kò sì tíì dé ibi tó ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe orúkọ Tíṣà láràárọ̀, kí n má baà gbàgbé. Ẹ̀yin lẹsẹ̀ yín ṣì le. Tí ẹ bá pàdé ọmọ tàbí ọmọ ọmọ Tíṣà Adéṣọpẹ́, tó kọ́ àwọn ọmọ Ìkòròdú ní yíya àwòrán, tí ṣọ́ọ̀kì kì í tán lápò rẹ̀, ẹ sọ fún un pé òkúta ìsàlẹ̀ omi kọ́ ló ṣẹ́ ẹnu ìkòkò yẹn, bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ sì sọ fún un pé Àbẹ̀kẹ́ Ìmọ́tà ń kí wọn.